Ìran Ajá Ni Àbí Alájá? Ẹni Tí Ẹ̀bi Tọ́ Sí Bí Ajá Bá Bu Ènìyàn Jẹ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí gbogbo wa ń bá pàdé ní Abuja yìí, yálà ní ẹnu géètì ilé tí a háyà sí, tàbí ní ojú ọ̀nà tí a ń gbà lọ wọ mọ́tò. Ajá ni. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ ní Gwarinpa tàbí ní Kubwa, kí ẹ̀jẹ̀ tó dá ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan á ní, "Irú ajá yẹn kò ṣe é sìn láàárín ènìyàn." Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ fi ajá sílẹ̀, alájá ni kí ẹ mú." Èwo ló tọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹsẹẹsẹ.

Kí ni ìran ajá?

Nígbà tí a bá sọ pé ìran ajá, irú ajá tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà ni a ní lọ́kàn: tí a ń mú akọ àti abo tí ó wù wá gun ara wọn láti ìrandíran, kí ọmọ wọn lè jọ wọ́n ní àwọ̀, ní ìrísí àti ní iṣẹ́. Ìlú Rottweil ní ilẹ̀ Jámánì ni ajá Rottweiler ti gba orúkọ. Ajá alápatà àti darandaran ni, a sì máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ South Africa ni wọ́n sin Boerboel láti ṣọ́ oko. Láti ara ajá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dẹ sí màlúù fún eré ìdárayá, kí òfin tó fi òpin sí eré búburú náà ní ọdún 1835, ni pit bull ti ṣẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, ajá ilé lásán tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bíńgò ló pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí ó ṣà á. Ó kàn ń bí sí i ni.

Ohun tí àwọn tó dá ìran lẹ́bi ń sọ

Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Wọ́n ní ajá ọdẹ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ kí ó tó máa fi imú tọ ipa ẹran, nítorí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìjà kò ní wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tí wọ́n sìn fún ìjà? Wọ́n tún ní bí Bíńgò bá bu ọmọdé jẹ, ọgbẹ́ ni yóò dá sí i lára, ṣùgbọ́n bí Boerboel tí ó wúwo ju ọmọ náà lọ bá gbá a mú, ikú lè tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Èyí ló mú kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ajá eléwu ní ọdún 1991. Ìran mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ: pit bull terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Nígbà tí ajá kan tí wọ́n ń pè ní XL Bully wá ń pa ènìyàn, wọ́n fi kún un ní ọdún 2023. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn sin ín ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ.

Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rí

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Science. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn alájá lẹ́nu wò nípa ajá tí ó ju 18,000 lọ, wọ́n sì yẹ àbùdá ajá tí ó lé ní 2,000 wò. Wọ́n rí i pé nínú ohun tí ó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìpín ti ìran kò ju nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí ni pé bí a bá sọ fún yín pé Rottweiler ni ajá kan, a kò tíì sọ ohun púpọ̀ nípa ìwà rẹ̀ fún yín.

Kí wá ni ìyókù? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú láti kékeré jẹ́ pàtàkì nínú wọn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlá tí a bí ọmọ ajá ni ó ń kọ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá rí ọmọdé, àgbàlagbà, àlejò àti ọ̀kadà ní àsìkò yìí, kò ní máa bẹ̀rù wọn tí ó bá dàgbà. Bí ó bá jẹ́ inú kéèjì ni ó wà, gbogbo ohun tí kò bá mọ̀ ni yóò dà bí ewu lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló sì ń mú ọ̀pọ̀ ajá buni jẹ. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti ajá náà kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí o. Ìwà ni ìwádìí yẹn ń sọ, kò sọ nípa agbára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìran kò sọ bóyá ajá yóò buni jẹ, ṣùgbọ́n ìtóbi rẹ̀, èyí tí ó bá ìran wá, lè sọ bí ọgbẹ́ náà yóò ti tó.

Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ wò

Ṣé òfin tí ó dárúkọ ìran dín ìbunijẹ kù? Ní England, láàárín ọdún 1998 sí 2018, iye àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn nítorí ìbunijẹ ajá ju ìlọ́po méjì lọ bí a bá fi wé iye ènìyàn ìlú, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 1991 wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Ilẹ̀ Netherlands fi òfin de pit bull ní ọdún 1993. Ní ọdún 2008, ìjọba wọn kéde pé àwọn yóò gbé òfin náà kúrò, nítorí kò dín ìbunijẹ kù. Ilẹ̀ Italy pẹ̀lú pa àkọsílẹ̀ ìran ajá eléwu tì ní ọdún 2009, wọ́n sì gbé ẹrù lé alájá lórí.

Àní àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fi ti ìran nìkan ṣe. Abala kẹta nínú òfin kan náà kò béèrè ìran ajá rárá: bí ajá kan bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣàkóso rẹ̀ débi tí ó fi di ewu, ẹni náà ni yóò jẹ́jọ́. Láti ọdún 2014, ó kan inú ilé àti ọgbà alájá pẹ̀lú. Bí ẹ̀mí bá sọnù, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14.

Abuja ńkọ́?

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abuja, ní Kaduna tàbí ní Jos, ẹnu àwọn òbí wa ni a ti gbọ́ nípa ajá ilé Yorùbá: ajá ọdẹ tí gbogbo abúlé mọ̀, tí a fi òwe sọ lórúkọ, irú Tanímọ̀la. Bí ó bá ṣe láìdára, wọ́n mọ ilé tí wọn yóò gbà lọ. Ajá tí àwa mọ̀ ní tiwa yàtọ̀. Ẹ̀yìn ògiri gíga ni ó wà. Wọ́n rà á nítorí olè, wọ́n sì tì í mọ́ kéèjì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì. Mẹ́gádì ló ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé ń fi igi gún un láti ẹ̀yìn irin. Ọjọ́ tí géètì bá ṣí sílẹ̀, tí ọmọ tí ń kiri píọ̀ wọ́tà bá ń kọjá lọ, ọ̀gá á ní mẹ́gádì ni kò ti géètì. Mẹ́gádì á ní òun kọ́ ni òun ni ajá. Gbogbo wọn á wá fi ohùn ṣọ̀kan pé, "Ṣé ẹ kò mọ bí irú ajá yìí ṣe rí ni?"

Ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe rìn jáde kúrò nínú ilé náà. Ìran ajá, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè san owó oògùn, ni wọ́n gbé e lé lórí. Ìyá ọmọ náà ni yóò wá máa yá owó kiri.

Ohun tí òfin wa sọ

Nàìjíríà jogún òfin àjọlò láti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú òfin yìí, a pín ẹranko sí méjì: ẹranko ẹhànnà bíi kìnnìún, tí ẹni tí ó ni ín yóò dáhùn fún ohunkóhun tí ó bá ṣe, àti ẹran ọ̀sìn, tí ajá wà lára wọn. Ní ti ajá, ohun tí ilé ẹjọ́ ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ alájá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá òun máa ń kọlu ènìyàn? Bí ó bá mọ̀, tí ó sì tún ń sin ín, ẹrù di tirẹ̀. Bí a kò bá lè fi hàn pé ó mọ̀, a ṣì lè pè é lẹ́jọ́ fún àìbìkítà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí òfin tiwọn padà ní ọdún 1971, ṣùgbọ́n àtúnṣe yẹn kò kàn wá.

Ẹ wá ronú sí pátákó tí ó kún ẹnu géètì káàkiri ìlú yìí, tí ó ní kí á ṣọ́ra fún ajá. Ọ̀pọ̀ alájá rò pé pátákó náà ń gba àwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí ó mọṣẹ́ lè gbé e dìde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé alájá mọ irú ẹnu tí ó wà nílé rẹ̀.

Dìgbòlugi kò mọ ìran

Ewu tí ó ń pa ènìyàn jù lára ajá ní ilẹ̀ wa kì í ṣe eyín ńlá. Àrùn dìgbòlugi ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lágbàáyé lọ́dún. Nínú àwọn tí ó ń mú, ajá ló ń fà á fún nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára, bóyá ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Òwe wa ní bí ajá bá ń sínwín, ó yẹ kí ó mọ ojú olówó rẹ̀. Dìgbòlugi kò mọ olówó kankan. Bíńgò tí kò gba abẹ́rẹ́ léwu ju Rottweiler tí ó gbà á lọ, bẹ́ẹ̀ alájá nìkan ló lè mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà níhìn-ín.

Bí ajá bá bu yín jẹ, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kì í ṣe ata, kì í ṣe epo. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ló kàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró wo bóyá ajá yóò kú.

Ìdájọ́ tiwa

Lójú tiwa, ìran ní ìpín tirẹ̀, alájá ni ó ni ẹ̀bi. Ajá kì í lọ sí ọjà lọ ra ara rẹ̀. Ẹni tí ó yan ajá ńlá ti yan iṣẹ́ ńlá mọ́ ọn: ògiri tí kò ní ihò, ẹ̀kọ́ láti kékeré, abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, àti owó ìtọ́jú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá gbé ajá náà lé mẹ́gádì lọ́wọ́, kí ó kọ́ mẹ́gádì pẹ̀lú. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́:

1. Bí olè bá fo ògiri wọlé, tí ajá sì bù ú jẹ, ǹjẹ́ alájá jẹ ẹ̀bi?
2. Ta ni alájá gan-an: ẹni tí ó rà á, ẹni tí ń bọ́ ọ, tàbí ẹni tí ó ṣí géètì?
3. Bí onílé yín bá ní ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, kí ni ẹ̀yin ayálégbé lè ṣe kí ọmọ kan tó fara gbá?