Ẹ̀KỌ́ ỌJÀ: Ẹ WO Ẹ̀YÌN ṢÍBÍ KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Ẹ̀kọ́ tòní, ti àwa tá a ń ta ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ìjẹun ni. Oníbàárà á bi wá pé, "Ìyá, ṣé ti Japan ni?" A ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá wá dípáàrà lóṣù kejì ńkọ́? Ta ló máa bá jà?

Ìlú Tsubame, ní agbègbè Niigata, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ju 90 lọ nínú 100 ṣíbí àti fọ́ọ̀kì onírin tó ń jáde ní Japan. Ìṣó ni wọ́n ń rọ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí ìṣó òyìnbó gbọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò jókòó sunkún. Ní nǹkan bí ọdún 1911 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíbí. Ní 1991, ohun ìjẹun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi gbàlejò níbi àsè ẹ̀bùn Nobel ní Sweden.

Ṣùgbọ́n orúkọ Japan lára páálí nìkan ò tó. Ẹ yí ẹ̀yìn ṣíbí wò. Bẹ́ ẹ bá rí 18-8, ó túmọ̀ sí pé nínú ìwọ̀n 100 irin náà, króómù kó 18, níkẹ́ẹ̀lì kó 8. Króómù ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ín-rín tí ojú ò rí, tí kì í jẹ́ kó dípáàrà. Níkẹ́ẹ̀lì tún ń kún un lọ́wọ́. 18-0 ò ní níkẹ́ẹ̀lì. Kò burú, àmọ́ ẹni tó bá tà á ní iye 18-8 ti rẹ́ oníbàárà jẹ ni o.

Ẹ wá òòfà, kódà èyí tó wà nínú sìpíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ó máa gbá 18-0 mú ṣinṣin. Kì í sábà mú 18-8, àfi díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra ṣá: àwọn ṣíbí pọ́ọ́kú kan wà tí òòfà ò ní mú, tí wọ́n fi mánganíìsì dípò níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì máa ń tètè dípáàrà. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà, kẹ́ ẹ tún fi òòfà wò ó.

Ti ọ̀bẹ yàtọ̀. Òòfà gbọ́dọ̀ mú ojú ọ̀bẹ, torí irin líle tó lè mú dáadáa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ má torí ìyẹn dá a padà fún ẹni tẹ́ ẹ ti rà á. Irin ọ̀bẹ yìí náà ló máa ń kọ́kọ́ dípáàrà, ẹ sọ fún oníbàárà kó má rì í sínú omi mọ́jú, kó má fi omi ìfọṣọ funfun fọ̀ ọ́, kó sì nù ún gbẹ.