Ẹ Fọwọ́ Ìṣọ́ra Mú Egbò Asofẹ́yẹjẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ewé àti egbò kò ní láárí. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Wọ́n á bó èèpo egbò rẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á fún aláìsàn mu. Ara rẹ̀ á wálẹ̀, oorun á gbé e lọ.

Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan, reserpine, lára ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà. Èròjà yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ó ń mú ọkàn rọ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, òòyì á máa kọ́ni, ìbànújẹ́ ọkàn sì lè dé. Nítorí náà, ẹ má ra àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti mu. Ẹ má tijú.

Ẹ ṣọ́ igi náà pẹ̀lú: ẹni tó bá hú gbogbo egbò rẹ̀ ti pa á. Ẹ bù díẹ̀, ẹ gbin òmíràn. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: igi wo, ìwọ̀n wo, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún.