Iyè Ló Rá

"Ẹ̀gbọ́n, ìrántí kọ̀ǹpútà yín ló ti kú." Ọmọ orí rédíò kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nígbà tó ń dá ọkùnrin kan lóhùn tí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ àtijọ́ ń ké "píì, píì" láìtàn. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìrántí ni a máa ń kọ sára pátákó nígbà tí ìyá àgbà bá pé ọdún mẹ́wàá nínú sàréè. Iṣẹ́ tí ẹni tó kù láyé ń ṣe ni. Kì í ṣe àká tí a ń kó nǹkan sí. Kò tíì pẹ́ náà ni òmíràn ní "ìrántí fóònù mi ti kún." Kí ló wà níbẹ̀ tí yóò kún?

Iyè ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá. Ẹ bá mi ṣọ́ ohùn rẹ̀ o: iye ni ti owó, ìyè ni ti àìnípẹ̀kun tí oníwàásù ń ṣèlérí, iyè ni ti inú orí. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó débi pé inú ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sá pamọ́ sí báyìí. Ẹni tó ń fiyè sí mi, iyè ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ń ṣiyèméjì, iyè rẹ̀ ló pín, tí ọ̀kan ń lọ sọ́jà, tí èkejì ń bọ̀ nílé. Ọmọ awo tó ń kó ẹsẹ Ifá sórí kò tọrọ ìrántí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìsọ̀yè ló ń lò. Bí àgbà bá sì ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀, ṣé a ó ní ìrántí rẹ̀ ti kú ni? Iyè rẹ̀ ló rá.

Èmi náà ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan nílé, Windows XP, ráàmù rẹ̀, ìyẹn iyè tí mò ń wí, jẹ́ 256 MB. Lọ́jọ́ kan mo tan án, ó ké, ojú rẹ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe ládùúgbò wa tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fa ráàmù yọ, ó fi rọ́bà ìparẹ́ ọmọ iléèwé nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ó fẹ́ eruku inú ihò dànù, ó wá tẹ̀ ẹ́ padà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún "kà!" Ó tàn. Kò sóhun tó kú. Ìdọ̀tí ló là wọ́n láàárín, kọ̀ǹpútà wá iyè rẹ̀ títí, kò rí i, ó figbe ta. Igbe yẹn sì ni ẹnu kan ṣoṣo tó ní, torí kò tíì lè kọ nǹkan kan sójú ara rẹ̀.

Ẹ má sì pe ráàmù ní aláìníyè nítorí pé iná lọ tó gbàgbé gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Èyí tí iyè rẹ̀ rá lóòótọ́ ni kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún yín láràárọ̀ pé ọdún 2002 la wà, tó tún ní kí ẹ tẹ F1. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú rẹ̀, tó rí bíi kọ́bọ̀, ló ti tán. Òun ló ń bá a di aago àti ètò rẹ̀ mú nígbà tí kò bá síná. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún aago tò.

Mo ní kí ọmọkùnrin yìí fi 256 mìíràn kún tèmi, kó lè nísọ̀yè. Mo tún ní kó yé pè é ní ráàmù, iyè ni kó máa wí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, tí mo bá ní kí oníbàárà wá ra iyè lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní mo fẹ́ fi wọ́n ṣoògùn owó."

Ó borí mi. Ráàmù ti jókòó, kò tún dìde mọ́. Kó ṣáà má ti jẹ́ ìrántí. Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: ÀKÍYÈSÍ, A KÌ Í TÀWÌN.