Wo Ẹ́ńjìnnì Kó O Tó Ra Ìńtákúlà

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí owó mi fi kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù wa, Mercedes 911 àtijọ́ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Oǹdó wá sí Mile 12, a máa mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ti ń gun òkè. Dírẹ́bà ní ìńtákúlà ló kù ú kù. Mo gba ọjà Ládípọ̀ lọ, mo ra tòkunbọ̀ kan tó ń dán gbinrin. Nígbà tí mo gbé e délé, ẹ̀rín ni mẹkáníìkì bú sí: “Màmá, tọ́bò tí a fẹ́ so ó mọ́ dà?”

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Tọ́bò ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná kọjá bí omi ṣe ń hó, èyí tó bá sì gbóná a máa fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ìńtákúlà ni láti tù ú lójú ọ̀nà, kó lè ki, kí dísù lè jó tán. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, kí ló fẹ́ fi ìńtákúlà tù?

Lẹ́tà ara ẹ́ńjìnnì ni kó o kọ́kọ́ kà. Ti Mercedes kò ṣòro: OM352, onílítà 5.7, kò ní tọ́bò. OM352A ní in. OM366LA ní tọ́bò, ó sì bá ìńtákúlà wá láti ilé iṣẹ́.

Bí tìrẹ bá ní tọ́bò, má fi tòkunbọ̀ sọ́kọ̀ bó ṣe wà. Ọ́ìlì àti ẹ̀rúnrún irin láti ara tọ́bò tó bàjẹ́ lè wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Kí wọ́n dí ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú omi. Bí omi bá ń hó yọ, ó ń jò.

Iwájú rédíétọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ló máa gba lára afẹ́fẹ́ rédíétọ̀. Rédíétọ̀ tó ti dí tẹ́lẹ̀ yóò wá gbóná sí i, nítorí náà òun ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe.

Páìpù tó so tọ́bò, ìńtákúlà àti ẹ́ńjìnnì pọ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Kì í ṣe gbogbo jórinjórin ló lè jó alumíníọ̀mù. Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ágọ́ọ̀nù. Kó ṣe etí sí ẹnu páìpù, kí họ́ọ̀sì má baà yọ. Má gbà kí wọ́n fi túúbù táyà dì í. Bí ooru bá pàdé ọ́ìlì lára rẹ̀, yóò bẹ́. Họ́ọ̀sì sílíkóònù àti kílípù tó nípọn ni kó o rà. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ bá ń súfèé tó sì ń tu èéfín dúdú, ojú kan ti ń jò.

Mẹkáníìkì kan lè ní kí òun ṣí pọ́ọ̀ǹpù kí dísù pọ̀ sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: dísù àpọ̀jù lè yọ́ písítìnì. Bíréèkì ni kó o náwó sí, torí ọkọ̀ tó bá gun òkè kíákíá gbọ́dọ̀ lè dúró.

Jọ̀wọ́, ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ kó o tó mú owó lọ sí Ládípọ̀. Ìńtákúlà tèmi ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.