Sáfà Ojú Ọjọ́ ní Mile One: Ohun Tó Yẹ ní Ṣíṣe àti Ohun Tí Kò Yẹ

Òjò lè máa rọ̀ kíkankíkan ní Ikwerre Road, ní Mile One ní Diobu, kí oòrùn sì máa ràn ní Omagwa, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt wà. Ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò, ti Omagwa ni. Òjò tó ń kún gọ́tà Diobu, ẹni tó wà ní Diobu ló lè wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ: ẹ̀rọ ìwọn ojú ọjọ́ kan lórí òrùlé, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi tó ń lo Linux, tí yóò jẹ́ sáfà wa, àti WeeWX, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń kọ ìwọ̀n ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni kí àkọsílẹ̀ náà ṣeé fọkàn tán. Ìdí nìyí tí mo fi to àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

LÓRÍ ÒRÙLÉ

Ẹ wá ibi tó ṣí sílẹ̀ jù lọ fún ẹ̀rọ ìwọn òjò. Ìmọ̀ràn WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́, ni pé tí ògiri kan bá fi mítà 3 ga ju ẹnu ẹ̀rọ náà lọ, kó fi mítà 6 jìnnà sí i.

Ẹ má fi àbùkù ibẹ̀ pamọ́. Ní Mile One, ilé lẹ̀ mọ́ ilé; ẹ lè má rí mítà 6 yẹn rárá. Ẹ ya fọ́tò apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ gíga òrùlé àti ohun tó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lo dátà yín mọ ibi tó ti wá.

Ẹ dán ẹ̀rọ ìwọn òjò wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Tí ojú ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 200, tí ife inú rẹ̀ sì ń ka mílímítà 0.2 nígbàkigbà tó bá dà, omi mílílítà 4 ló ń dà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bu mílílítà 400 sínú ike tí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ lu nídìí, kí ó máa kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà 100 ló yẹ kó dà, ìyẹn mílímítà 20. Tó bá dín, ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní StdCalibrate nínú WeeWX. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ òjò àdánwò yẹn kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí soot bo ike funfun tó ṣíji bo ẹ̀rọ ìgbóná. Láti òpin ọdún 2016 ni èéfín dúdú yìí ti ń bà sórí gbogbo nǹkan ní Port Harcourt. Ike tó bá ti dúdú ń fa oòrùn mọ́ra, ìgbóná tí ẹ máa kà yóò sì ju ti afẹ́fẹ́ gan-an lọ. Ẹ máa fi omi ọṣẹ nù ún déédéé, ẹ sì máa yọ ẹ̀gbin kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìwọn òjò.

LÓRÍ INÁ

Ẹ fi bátìrì sí àárín NEPA àti sáfà. Kọ̀ǹpútà kékeré yìí kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì kékeré lè gbé e di òwúrọ̀. Ẹ so rúùtà mọ́ bátìrì kan náà.

Ẹ má gbé gbogbo àkọsílẹ̀ lé mẹ́mọ́rì káàdì. Iná tó ń lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ló ń ba káàdì jẹ́. SSD kékeré sàn jù ú lọ.

Ẹ ní kí systemd máa gbé WeeWX dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá padà dé, kó má dúró de ẹnikẹ́ni.

LÓRÍ AAGO

Ẹ ra aago oníbátìrì, bíi DS3231. Raspberry Pi 4 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní i nínú. Raspberry Pi 5 ní, ṣùgbọ́n ẹ óò ra bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí i: NEPA ti mú iná lọ, bátìrì tán ní aago 2 òru, iná dé ní aago 5, íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì sí. Kọ̀ǹpútà á rò pé nǹkan bí aago 2 ló ṣì jẹ́, òjò ìdájí á sì di òjò òru nínú ìwé.

Ẹ fi UTC pamọ́, kí ẹ fi aago Nàìjíríà hàn. Wákàtí 1 ni tiwa fi ṣáájú UTC. UTC ni ìròyìn Omagwa fi ń jáde; aago 14:00 níbẹ̀, aago 3 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹ fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹ aago wò. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ máa ń ga jù ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ àti aago 10 alẹ́, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ jù ní nǹkan bí aago 4 ìdájí àti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Tí àwòrán tiyín bá fi wákàtí púpọ̀ yà kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

LÓRÍ NỌ́ŃBÀ

Ẹ yan ètò ìwọ̀n METRICWX nínú WeeWX kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí ẹ kò bá yàn, WeeWX á fi ìwọ̀n Amẹ́ríkà pamọ́. Ẹ ṣọ́ METRIC lásán: sẹ̀ǹtímítà ló fi ń ka òjò.

Ẹ má gbàgbé Simulator síbẹ̀. Ojú ọjọ́ àròsọ ni WeeWX fi ń ṣe àdánwò. Bí ẹ bá ti gbé ẹ̀rọ gidi wọlé, ẹ pa àkọsílẹ̀ àdánwò rẹ́ pátápátá kí ẹ tó pín ohunkóhun.

Ẹ má kọ òdo síbi tí kò sí ìwọ̀n. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Òdo túmọ̀ sí pé a wò ó, òjò kò rọ̀. Àlàfo túmọ̀ sí pé a kò wò ó. Ẹni tó bá fi òdo dí àlàfo ti sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ kú di ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ fi `.backup` ti sqlite3 ṣe ẹ̀dà weewx.sdb lálaalẹ́, kí ẹ fi rsync gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má kàn ṣẹ̀dà fáìlì náà nígbà tí WeeWX ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀.

LÓRÍ ÀÀBÒ

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ SSH wọlé, kí ẹ ti pásíwọ́ọ̀dù pa. Ẹ jẹ́ kí Debian máa gba àtúnṣe ààbò fúnra rẹ̀.

Ẹ má pe gbogbo ayé wọ sáfà inú ilé. Ọ̀pọ̀ dátà fóònù kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ará ìta rí kọ̀ǹpútà yín. Kí sáfà ilé máa ti ojú ewé rẹ̀ lọ sí sáfà tí ẹ yá níta. Ibẹ̀ ni kí àwọn èèyàn ti máa kà á.

LÓRÍ PÍNPÍN

Ẹ gbé e jáde ní CSV, kí ẹ kọ ìwọ̀n sórí òpó kọ̀ọ̀kan: mm, °C, hPa. WeeWX tún lè fi í ránṣẹ́ sí CWOP, tó ń gbé irú dátà yìí dé ọ̀dọ̀ NOAA ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má tẹ ojúlé yín gan-an síta. Nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ààmì dẹ́símà ti tó fún ibi tí ẹ wà. Nǹkan bíi kìlómítà kan ni ìyẹn fi ń bo ilé yín.

Ẹ má sọ àsọtẹ́lẹ̀. NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ló ni iṣẹ́ yẹn. Ohun tó ti rọ̀ ni kí ẹ sọ.

Ẹ sọ ọ́ kó yé ará ọjà. Mílímítà 1, lítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ni. Òjò mílímítà 50 tó bá rọ̀ sórí páànù mítà 10 sí 10 yóò da lítà 5,000 sílẹ̀. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp àdúgbò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí òjò Oṣù Kẹfà tó wọlé. Port Harcourt ń rí ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún, a sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ gọ́tà láìní nọ́ńbà kankan lọ́wọ́. Tí ẹ bá fi òótọ́ ṣọ́ àkọsílẹ̀ yín, lọ́jọ́ tí omi bá tún wọlé, ẹ lè gbé ọjọ́, wákàtí àti mílímítà kalẹ̀ níwájú ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi díwọ̀n gọ́tà tí wọ́n ń gbẹ́.