Ìrísí Ewé ní Èdè Yorùbá: Àpẹẹrẹ láti Oko Igbódìgò

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ léèrè irú ewé tí ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti há sórí ni yóò kà jáde. Bí a bá ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Igbódìgò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè Yorùbá. Àwa olùkọ́ ni a kò tò ó.

Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, kò ṣe ju èyí lọ nínú ìwé rẹ̀, Philosophia Botanica (1751). Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ó fi ṣàpèjúwe ewé lédè Látìn: ọfà, ọkàn, ìyẹ́ ẹyẹ, àtẹ́lẹwọ́. Nítorí náà, ewé bí-ọfà, ewé bí-ọkàn, ewé bí-ìyẹ́ àti ewé bí-àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ní kíláàsì wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé àràbà. Àwọn méjèèjì dà bí ọwọ́ tí a la ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gẹ́ là wọnú ni, kò là dé ìdí. Ewé kan ṣoṣo ni. Ti àràbà pín pátápátá, a lè já wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ ni ewé kan. Ọmọ-ewé ni a dábàá pé kí a máa pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí a bá pe méjèèjì ní ewé, ọmọ yóò ka ewé kan sí méje.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Kí a wo orígun tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ẹ̀ka: ibẹ̀ ni èéhù tuntun ti ń yọ, kì í yọ ní ìdí ọmọ-ewé. Ọ̀pẹ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù, ó sì pọ̀ lágbègbè Òkìtìpupa. Ìdí imọ̀ ni ẹyìn ti ń yọ, kì í ṣe ìdí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fá ṣe ìgbálẹ̀. Imọ̀ kan, bó ti wù kó gùn tó, ewé bí-ìyẹ́ kan ni. (Àwọn olùkọ́ pàápàá máa ń jiyàn èyí!)

Ti kókò kò le. Ewé oríṣi kan, ọ̀pá rẹ̀ so mọ́ ojú ibi tí ìdí ewé ti là gan-an. Ti èkejì so mọ́ ẹ̀yìn ewé, ó jìnnà sí etí. Kí olùkọ́ mú méjèèjì wọ kíláàsì, kí ó dojú wọn dé, kí àwọn ọmọ fọwọ́ tọ́ka sí ìyàtọ̀ náà kí ó tó sọ ohunkóhun.