Èdè Yorùbá ní Èbúté Matanzas

Etí òkun ní apá àríwá erékùṣù Kúbà ni ìlú Matanzas wà, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Havana. Ní ọdún 1693 ni àwọn ará Sípéènì tẹ̀ ẹ́ dó. Èbúté rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ṣúgà lọ sí òkè òkun, àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun abẹ́lé wa kó lẹ́rú. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà lára àwọn tí ó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní oko Triunvirato. Ọ̀tẹ̀ náà ni ó kú sí. Ní 1845 ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ìlú náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà.

Kí ni ó wá kù nínú èdè wọn? Kò sí ẹni tí ó ń fi í ná ọjà mọ́. Inú orin, àdúrà àti ìlù òrìṣà ni ó fara pa mọ́ sí. Àṣẹ di aché, òòṣà di ocha, nítorí pé èdè Sípéènì kò ní ìró ṣ. Ohùn ni àdánù tí ó tóbi jù. Ẹ gbé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko yẹ̀ wò: ẹni tí ó gbọ́ Sípéènì nìkan yóò gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹyọ kan ṣoṣo.

Àwọn kan ń pe èyí ní Yorùbá tí ó bàjẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Obì kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, wọ́n fi àgbọn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé orúkọ obì fún un. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òòṣà, ìbáà ṣe ọkùnrin, iyawó ni wọ́n ń pè é. (Kí a má rẹ́rìn-ín, ìyàwó òrìṣà wà nílé níhìn-ín náà.) Ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí èdè yìí, orin ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó ṣí ìwé, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí lílọ sókè sódò orin pa ohùn tí ẹnu ti gbàgbé mọ́. Kí ó sì ti gbọ́ Sípéènì dáadáa kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté náà.